Adéjọbí Inú Máàpù

"Dádì, ta ni Adéjọbí?"

Olúwafisáyọ̀ ọmọ mi ló pè mí lórí fóònù. Ó lóyún oṣù méje, kò sì tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó kó sí ilé tuntun rẹ̀ ní àfonífojì tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n.

"Bàbá kan ń jókòó sí pálọ̀ mi láràárọ̀. Ó ní ẹ̀yin lẹ fi òun síbẹ̀."

Mo mọ orúkọ náà.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, máàpù ni mò ń yà fún ìjọba. Lọ́dún 1984, wọ́n ní kí n lọ wọn àwọn oko àfonífojì náà. Ìjà ilẹ̀ gbóná láàárín ìlú méjèèjì nígbà yẹn, orí mi sì wù mí níbi tó wà. Abẹ́ igi máńgòrò kan ni mo jókòó sí ní Òṣogbo. Mo ya oko iṣu, mo ya ahéré kan, mo kọ "Oko Adéjọbí" sí i. Kò sí Adéjọbí kankan láyé. Ọ̀gá mi ní iṣẹ́ mi péye.

Àwọn tó ya máàpù lẹ́yìn mi, tèmi ni wọ́n ń wò kọ. Títì dé, ẹ́sítéètì dé, oko parẹ́. Ahéré yẹn ò kúrò lórí máàpù. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ́ ilé Fisáyọ̀ sí.

Mo ká máàpù mi, mo gbọ̀nà ibẹ̀. Pálọ̀ mọ́ tónítóní, àmọ́ ó ń rùn bí ebè tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bàbá kan dìde lórí àga. Ó jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá mi."

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bíi bébà. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo rọra sọ, "ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀."

"Mo fẹ́ lọ. Ẹ ò ya ọ̀nà fún mi ni." Ó wo ikùn Fisáyọ̀. "Kò burú náà. Ọmọ ń bọ̀. N ó rí ẹni bá gbé."

Mo tẹ́ máàpù sílẹ̀, mo fi pẹ́ńsù fa ọ̀nà láti ẹnu ahéré, mo ń fà á lọ títí bébà fi tán. Ó dúpẹ́. Ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó wo ibi tí bébà tán sí. Ìlobù ni. Ẹ̀yìnkùlé mi.

Oṣù kẹrin nìyí tí èmi àti Adéjọbí ti jọ ń gbé. Kì í jẹun, kì í gba ibùsùn. Fisáyọ̀ ti bímọ, ó ń bẹ̀ mí lójoojúmọ́ pé, "Dádì, ẹ wá gbé Inúmidùn jó." Mo ní orúnkún ń dùn mí.

Orúnkún mi le koko. Àmọ́ bí mo bá ti wọ bàtà, Adéjọbí náà á dìde.