Ìpè Tí Tíṣà Gbé

Ọjọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ rí Onídígí, orí àkàbà ló wà nínú kíláàsì rẹ̀, ó ń yọ àfọ́kù dígí kúrò lára fèrèsé bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Bọ́ǹbù tó bú ní ibùdókọ̀ òdìkejì ti fọ́ gbogbo fèrèsé ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó ti pa ìyá Tíṣà pẹ̀lú, níbi tí ìyẹn ti ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e relé.

"Ẹ rọra o, dígí wà nílẹ̀," ni ọkùnrin náà wí láìwẹ̀yìn.

"Kíláàsì mi ni."

"Mo mọ̀. Dígí ni ò mọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tíṣà. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Ojú tì í, ó sì bínú díẹ̀ sí ẹni tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ó dúró wò ó bó ṣe ń lẹ ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹ̀yìn dígí tuntun. Ó bi í pé kí lèyí wà fún.

"Bí òmíràn bá tún bú, dígí á fọ́, ṣùgbọ́n kò ní fò. Èyí tó ń fò ló ń gé àwọn ọmọ."

"Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Rárá. Ọkàn tèmi ni ò balẹ̀."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn, kò kan ilẹ̀kùn. Onídígí parí iṣẹ́, síbẹ̀ ó ń padà wá wò bóyá dígí náà dúró dáadáa. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ Tíṣà ní dígí wo ló ń rìn tí wọ́n fi ń wá a wò lójoojúmọ́. Kò pẹ́, "ẹ" di "ìwọ", "ìwọ" di "olólùfẹ́ mi".

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé Tíṣà. Fóònù kékeré kan wà lápò Onídígí, ó yàtọ̀ sí èyí tó fi ń bá òun sọ̀rọ̀. Bó bá ti dún, ojú rẹ̀ á ṣú, á jáde síta. Tíṣà rò pé obìnrin ni. Lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó bi í lójúkorojú.

"Kì í ṣe obìnrin," ni Onídígí wí. "Àbúrò mi ni. Ó wà lọ́dọ̀ wọn."

Kò sẹ́ni tí wọ́n ń ṣàlàyé "wọn" fún nílùú náà.

Ó wá là á sílẹ̀ fún un. Àbúrò rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe fóònù. Ohùn ọkùnrin kan tí kò rí rí ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ létí lórí fóònù, ohùn náà ni ó ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tó yá, kò bá wọn jẹun mọ́. Kò kí ìyá wọn mọ́. Ó sọ fún Onídígí pé àwọn báńkì tó ń bá ṣe fèrèsé, ilé ọ̀tá ni wọ́n.

"Mo fi í rẹ́rìn-ín," ni Onídígí wí. "Mo ní ìwà ọ̀dọ́ ló ń dà á láàmú, á fi í sílẹ̀. A jí lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣófo."

"Ṣé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ibùdókọ̀?"

"Ó ní òun ò sí níbẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wọn ló ṣe é, mi ò ní parọ́ fún ọ."

Tíṣà gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Kò gbé ìpè rẹ̀, kò sì dáhùn nígbà tó wá sẹ́nu ọ̀nà. Ó sunkún títí orí fi ń fọ́ ọ. Nígbà tó wá padà sí ṣọ́ọ̀bù náà, ẹnu ilẹ̀kùn ló dúró sí.

"Mo ń bínú sí ọ, mo sì ń ṣàárò rẹ," ó wí. "Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù."

"Wọlé," ni Onídígí wí. "Méjèèjì ló láyè."

Ilé Tíṣà ni kò láyè. Àbúrò bàbá rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, ti wádìí ọkùnrin náà délẹ̀délẹ̀. Ìjọba ti ṣòfin pé ìdílé tí ọmọ wọn bá wà nínú ẹgbẹ́ náà, orúkọ wọn á wọ ìwé, wọ́n á máa lọ fara hàn nílé-iṣẹ́ ààbò. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọn kò lè ṣe olùkọ́ mọ́.

"Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó," ni Àǹtí wí. "Òkèèrè náà la ṣì wà yìí. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Bàbá, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ ojúurin tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò gbójú sókè. "Àwọn tó pa aya mi, ọ̀dọ̀ wọn lo fẹ́ ti lọ bímọ?"

"Bàbá, kò pa ẹnikẹ́ni."

"Okùn ọmọ ìyá kì í já."

Ọ̀nà àbáyọ kan wà, ilé-iṣẹ́ ààbò ló là á. Ọ̀gá ibẹ̀ sọ fún Onídígí pé bí àbúrò rẹ̀ bá pè, kó dá a dúró lórí fóònù títí bí ìgbà tí omi tíì á fi hó. Ẹ̀rọ àwọn á mọ ibi tó wà, orúkọ Onídígí á sì kúrò nínú ìwé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ìpè náà bá wọlé, Onídígí a já a kó tó pẹ́.

"Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ mú un ni," ó sọ fún Tíṣà.

"Ṣé o gbà wọ́n gbọ́?"

"Tí mo bá gbà wọ́n gbọ́, ṣé màá máa já ìpè? Ìjọba kan náà ló ń sọ lórí rédíò pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, àwọn á gbà á, àwọn á kọ́ ọ níṣẹ́. Ìyẹn ni mo ń dúró dè. Jọ̀wọ́, ìfẹ́ mi, tó bá dún tí mi ò sí nítòsí, má gbé e."

Ọ̀sán Sátidé kan ló dún. Onídígí wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ariwo ẹ̀rọ tó fi ń fá etí dígí bò ó mọ́lẹ̀. Ó dún títí, ó dákẹ́, ó tún dún. Tíṣà rántí ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀. Ó gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èmi ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀."

Tíṣà ti tọ́jú ìkórìíra rẹ̀ de ohùn ńlá kan. Ohùn tó dáhùn yìí dà bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

"Ẹ káàsán, ìyàwó wa. Ṣé ara ìyá mi le?"

"Ó le."

"Ṣé òótọ́ ni ohun tí rédíò ń sọ? Pé ẹni tó bá jáde, wọn ò ní pa á?"

"Òótọ́ ni."

Ó yẹ kó já a níbẹ̀. Kò já a. Ó bi í bóyá ó ti jẹun. Ó bi í bóyá òtútù ń mú un, bóyá ó ń rí oorun sùn. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ náà sì ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdùnnú, bí ẹni tó ti pẹ́ tí wọ́n ti bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n mi dúró dè mí," ó wí. "Mo ń bọ̀ ní..."

Ohun kan hó gèè nínú fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dákẹ́.

Nígbà tí Onídígí wọlé, eruku dígí wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Tíṣà ní, "Àbúrò rẹ pè. Ó kí ọ."

"Kí ló tún wí?"

"Ó kí ọ."

Nírọ̀lẹ́, rédíò ní ọkọ̀ òfuurufú ológun ti fọ́ ibùba àwọn apániláyà kan. Fóònù kékeré náà kò dún mọ́. Ilé-iṣẹ́ ààbò pe Onídígí, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Bàbá Tíṣà sì ránṣẹ́ pè é.

"Ẹni tó lè fa ọmọ ìyá rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́ nítorí ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn," ni Bàbá wí, "mo lè fún un lọ́mọ."

Onídígí wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù. Ìyá Onídígí di ọwọ́ Tíṣà mú títí gbogbo rẹ̀ fi parí. "Ìwọ ni Ọlọ́run fi rọ́pò fún mi," ó ń wí, ó ń wí i.

Láti ọjọ́ náà, Tíṣà kò ní ìsinmi. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ní "mo ń bọ̀, mà," á di tábìlì mú. Bí omi bá ń hó lórí iná, á sáré lọ pa á. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó, kò bi í léèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń so okùn bàtà, Tíṣà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ọjọ́ tí àbúrò rẹ pè, èmi ni mo dá a dúró."

"Mo mọ̀."

Tíṣà gbójú sókè.

"Ilé-iṣẹ́ ààbò pè mí lọ gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kí n lè jẹ́rìí pé òun ni. Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ bí o ṣe bi í bóyá ó ti jẹun."

"Ìgbà wo?"

"Kí n tó wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ."

"O sì tún fẹ́ mi."

Onídígí bọ́ bàtà kan kúrò lẹ́sẹ̀. "Ìwọ lo bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Tí mo bá kọ̀ ọ́, ta ni màá máa bá sọ̀rọ̀ rẹ̀?"

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Lọ́jọ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ mìíràn, mi ò lè wojú rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lọ síbì kankan."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó tì í nílẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́.

"Sọ ọ́ fún mi," ó wí. "Ẹ̀rọ wọn yẹn ń hó, mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Tíṣà nu ojú rẹ̀. Ó wá ohùn náà kàn nínú ọ̀fun rẹ̀, níbi tó ti ń gbé láti ọjọ́ yìí.

"Ó ní, 'Ẹ káàsán, ìyàwó wa.'"