Onígbọ̀wọ́ Alábẹ

Ó gbé bàtà rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́, ó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò. Òjò ti rọ̀ ní sáìtì tí wọ́n ti ń kọ́lé, ẹrẹ̀ ti bo bàtà náà, ìyá tó ń tọ́jú ọ́fíìsì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ tán ni. Ọkùnrin gíga báyìí, tó ká pláànù ilé sí abíyá, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń dìde kí, òun ló ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù kó má baà ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó sórí àpótí gíga lẹ́bàá fèrèsé ló rí i. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rín pa á, abẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹ̀, ló bá ha odidi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan kúrò lórí pláànù.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ̀. Nígbà yẹn, ọwọ́ la fi ń ya ilé, kò sí ẹ̀rọ tó ń báni pa nǹkan rẹ́. Yíǹkì la fi ń fa ìlà sórí pépà fẹ́lẹ́, bí ìlà bá sì wọ́, abẹ lèèyàn máa fi rọra ha á kúrò, á di èémí mú kí pépà má baà ya. Ọwọ́ ọmọbìnrin yìí dá ṣáṣá nídìí iṣẹ́ náà. Kò pẹ́ tí gbogbo ọ́fíìsì fi ń pè é ní Alábẹ.

Ọkùnrin náà bẹ pláànù wò láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Ilé tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀! Ilé aládùúgbò làwọn onílé yìí á máa sá lọ nìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ pa mí lẹ́rìn-ín, sà. Ta ló ń gbé bàtà rìn?"

"Ẹni tó bá bẹ̀rù ìyá tó ń nu ilẹ̀ ni."

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn o. Alábẹ náà sọ ọ́ ní Agbébàtà, inú ọkùnrin náà sì dùn sí orúkọ yìí ju bó ṣe yẹ kínú àgbà dùn lọ.

Abẹ́ ọwọ́ Agbébàtà ni ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì náà fi í sí kó kọ́ṣẹ́. Wọ́n jọ ń lọ sí sáìtì, wọ́n jọ ń dúró sínú ilé tí kò tíì lórùlé, tí wọ́n á máa wo ibi tí oòrùn máa gbà wọlé. Ọkùnrin náà kọ́ ọ láti fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri kó tó gbà pé ó ti gbẹ. Tó bá di ọ̀sán, á gbẹ́ pẹ́ńsùlù Alábẹ fún un, á tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó ìyàwòrán rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan ò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Àmọ́ ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú yẹn sì ń sọ̀rọ̀. Alábẹ ń dúró de ẹnu.

Nǹkan míì wà tó ń dúró dè. Ó ti ya ilé-ìwé kékeré kan fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó sì rẹ fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ tó bá jókòó lè máa rí ìta. Ó fẹ́ràn ilé náà bí ẹni fẹ́ràn ọmọ inú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé kò lè ní òǹtẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, òǹtẹ̀ ẹni tó bá sì wà lórí pláànù, òun ni ayé máa mọ̀ sí ẹni tó ya ilé náà.

Ọ̀gá àgbà kò fi bọpo bọyọ̀. "Bí o bá wọ ẹgbẹ́ lọ́dún yìí, òǹtẹ̀ rẹ la máa tẹ̀ sí i. Bí o kò bá wọ̀ ọ́, tèmi ni. Àwọn tó ń kọ́lé ò ní dúró de ẹnikẹ́ni."

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ máa ń jókòó níwájú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e wá, láti ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kì í bá ṣe Agbébàtà? Ìyá Alábẹ, tó jẹ́ aránṣọ, rán aṣọ tuntun fún un. Ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ mi, lọ gbà á wálé."

Màmá kan ni alága ìgbìmọ̀, Màmá Rúlà ni wọ́n ń pè é, torí rúlà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì fi ń nàka síni. Ó bi Alábẹ ní ìpìlẹ̀, ó bi í ní òrùlé, ọmọbìnrin náà ń dáhùn bí omi tó ń ṣàn. Gbogbo ìgbìmọ̀ ń mi orí. Ó wá kan onígbọ̀wọ́.

"Òfin ló ní ká bi ọ́," ni Màmá Rúlà wí. "Ọmọ yìí, ṣé ìbátan rẹ ni, àbí àna rẹ, àbí ẹni tí ire rẹ̀ jẹ́ ire tìrẹ?"

Gbogbo onígbọ̀wọ́ tó ti ń wá síbẹ̀, "rárá" ni wọ́n ń wí, wọ́n á sì jókòó. Agbébàtà wo bàtà rẹ̀. Ó wò ó títí.

"Kì í ṣe ìbátan mi, mà," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó jẹ́."

Rúlà dúró sókè. Bàbá kan wúkọ́.

"Ṣé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò tíì sọ fún un, mà."

"O ti sọ fún un báyìí."

Ọkàn Alábẹ fò sókè, ó sì já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí látọjọ́ yìí rèé, ibi tó ti máa ba ayé rẹ̀ jẹ́ ló sì ti gbọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ ní iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹ́ èèyàn kò lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀; kó lọ, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú onígbọ̀wọ́ míì.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Ta ló rán yín níṣẹ́? 'Rárá' péré ni kẹ́ ẹ wí!"

"Bí mo bá purọ́ níbẹ̀, kí ni wọ́n á fi gba ohun tí mo sọ nípa iṣẹ́ rẹ gbọ́?"

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi ṣáájú! À bá ti wá ẹlòmíì!"

"Ẹ̀rù bà mí," ni Agbébàtà wí. "Mo rò pé wàá ní o ò fẹ́."

Alábẹ sunkún délé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jù sílẹ̀. "Ọkùnrin tó ta epo sí ọ láṣọ àlà? Kó má gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá o!"

Wọ́n kọ́ ilé-ìwé náà. Ó ṣì wà dòní, àwọn ọmọ ṣì ń gba fèrèsé rẹ̀ wo ìta, orúkọ ọ̀gá àgbà ló sì wà lára òkúta ẹnu ọ̀nà. Agbébàtà gba ọ́fíìsì míì lọ, kí Alábẹ má baà máa rí i láràárọ̀. Kó tó lọ, ó gbẹ́ gbogbo pẹ́ńsùlù tó wà lórí pátákó ọmọbìnrin náà. Alábẹ ò lè lo ọ̀kan nínú wọn, ó kàn ń wò wọ́n ni. Tí òjò bá ti rọ̀, á dẹtí sí ẹnu ọ̀nà. Ẹlẹ́rẹ̀ ń wọlé, ẹlẹ́rẹ̀ ń jáde, kò sẹ́ni tó ń bọ́ bàtà.

Ọ̀gá àgbà mú un sábẹ́ ara rẹ̀, nígbà tí ọdún sì yí po, òun ló tẹ̀ lé e lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ó wí "rárá" tirẹ̀, ó jókòó. Ó wá ku ìbéèrè kan.

"Bí wọ́n bá gbé pláànù kan wá pé kó o tẹ òǹtẹ̀ sí i láì yẹ̀ ẹ́ wò," ni Màmá Rúlà wí, "ta ni wàá tẹ̀ ẹ́ fún?"

"Kò sí, mà. Òfin ò gbà á." Ìdáhùn nìyẹn, kó dákẹ́ ló kù. Kò lè dákẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà, mà. Bó bá ní ilé kan ò ní wó, màá wọ inú ẹ̀ sùn."

"Ẹni tó fi ọdún kan rẹ ṣòfò?"

"Òun náà ni, mà. Irọ́ kékeré kan ló kù kó pa, kí gbogbo ohun tó ń fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kò pa á." Omijé gba ojú rẹ̀. "Mo bínú sí i. Mo ṣì ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n mi ò rí irú ẹ̀ mọ́."

Màmá Rúlà gbé rúlà sílẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹgbẹ́ ti gbà ọ́," ló wí. "Ìyókù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìwọ náà bá ń bẹ̀rù, ta ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?"

Ọjọ́ tó gba òǹtẹ̀ rẹ̀, òjò rọ̀. Ó gba inú ẹrẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tuntun Agbébàtà. Ẹnu ọ̀nà ló ti bọ́ bàtà, ó gbé e lọ́wọ́, ó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ tútù. Agbébàtà gbójú sókè nídìí pátákó, abẹ ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀.

"O ti jẹ́ kí n ha àtẹ̀gùn kan dànù," ló wí.

"Àwọn onílé á máa fò ni. Ẹ mú ọwọ́ yín wá."

Ó na ọwọ́. Alábẹ ti òǹtẹ̀ tuntun bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú títí yíǹkì fi gbẹ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí òǹtẹ̀ yẹn ṣe láyé nìyẹn.

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa," ló wí. "Mo fọwọ́ sí i, olólùfẹ́ mi."

Ìyá aránṣọ ló kù. Alábẹ mú Agbébàtà lọ sílé, ìyá náà sì kọjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń rán aṣọ lọ bí ẹni tí kò rí èèyàn. Agbébàtà dọ̀bálẹ̀. Ó dìde, kò mọ ohun tó máa sọ, ló bá na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú ìyá. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ìyá fa ọwọ́ náà sábẹ́ iná, ó ka orúkọ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ léraléra.

"Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yìí," ló wí wẹ́rẹ́. "Mi ò mọ̀ pé ibi tí wọ́n máa kọ ọ́ sí rèé."

Ó wá wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi dúró, bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló ní kó o bọ́ bàtà?" Ìyá fi etí aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ nu ojú. "Lọ wọ̀ ọ́, jọ̀ọ́. Ilẹ̀ tutù, àna mi."