Ẹni Tó Sáré Gòkè Látinú Òkun

Ọkùnrin náà ga, ó dúdú, ó sì di imú rẹ̀ pinpin láàárín èrò tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn etí kan ní Ìdí-Àràbà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti afunfèrè, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Fúnlọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ń pe orúkọ, wò ó, ẹ̀rín fẹ́ pa á.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, kí awọ etí yín má lọ fà ya."

"Etí ló dí, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Abẹ́ omi ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

Fúnlọ́lá jókòó tì í. "Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká yìí wúwo. Ó ń tẹ̀ wá tọ̀sán-tòru, àmọ́ ti inú ara wa ń tì í padà, la ò ṣe ń mọ̀. Tí ẹ bá ti wọ omi, omi á gbé ìwúwo tiẹ̀ lé e, á wá máa ti awọ etí yín wọnú. Ẹ di imú, kí ẹ fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, kó tó di pé ó ń dùn yín."

"Jẹ́jẹ́ báwo?"

"Bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná fún ọmọ."

Ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ara fi tù ú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé.

"Etí náà ni?"

"Rárá o. Ọkàn ni."

"A kì í tọ́jú ọkàn níbí."

"Mo mọ̀. Ìwọ ni mo wá rí."

Ọláolú lorúkọ rẹ̀. Òun àti Jẹ̀lílì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà ní Mushin, ni wọ́n jọ ń wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ tún páìpù epo ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan tí òun àti Fúnlọ́lá, tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn, jọ jókòó ní Yábà, ó ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lójijì, ó hó bo tábìlì.

"Bí ara wa ṣe rí nìyẹn, olólùfẹ́. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ìwúwo omi ń ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí wọnú ẹ̀jẹ̀. Téèyàn bá ń rọra gòkè, tó ń dúró lójú ọ̀nà, á rọra jáde. Tó bá sáré gòkè, á hó nínú ẹ̀jẹ̀."

Fúnlọ́lá ò rẹ́rìn-ín. "Ṣèlérí pé o ò ní sáré."

"Mo ṣèlérí, ẹyinjú mi."

Bàbá Fúnlọ́lá, Tíṣà Gbádé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Súrùlérè, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn rárá. "Ẹni tó ń lọ wá oúnjẹ rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun? Ṣé opó lo fẹ́ dà ni? Mi ò bí ọmọ fún òkun."

Nígbà òjò ọdún náà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì lábẹ́ omi kú. Ìwọ̀nba èyí tó wà nínú ìgò afẹ́fẹ́ tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn ló kù. Ti Jẹ̀lílì kò ṣiṣẹ́, ó sì dákú. Ọláolú mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa dúró lójú ọ̀nà. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé e mọ́ra, ó sì sáré gòkè.

Kí wọ́n tó dé èbúté, Jẹ̀lílì ti kú. Afẹ́fẹ́ tó hó nínú ẹ̀jẹ̀ Ọláolú sì ti ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Wọ́n gbé e wọ yàrá onírin kan, níbi tí wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ó ṣì wà lábẹ́ omi, kí híhó náà lè rọlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò padà.

Fúnlọ́lá ló ń wẹ̀ ẹ́.

"Mo sáré, Fúnlọ́lá."

"Mo mọ̀."

"Òkú ni mo sì gbé jáde."

Fúnlọ́lá ń nu ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Fúnlọ́lá wà níbi iṣẹ́, Tíṣà Gbádé lọ bá Ọláolú nílé rẹ̀ ní Mushin. "Ọmọ mi, mi ò wá bú ọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo bí. Jọ̀ọ́, tú u sílẹ̀."

Ọláolú kò jiyàn. Òun náà ti rò ó. "Mo gbọ́, sà. Màá lé e lọ." Omijé ń kán sórí ìrọ̀rí.

Tíṣà kò tíì dìde tí ìyá àgbàlagbà kan fi wọlé. Ó kí wọn, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró ra ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan mọ́.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?"

"Èmi ni mo bí Jẹ̀lílì tó kú. Eléyìí ló gbé e jáde. Wọ́n ní ká ní ó fi í sílẹ̀, kó rọra máa bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá pé." Kò dáwọ́ dúró. "Sà, wọ́n wẹ ọmọ mi, wọ́n kírun sí i lára. Mo mọ ibi tó sùn sí. Àwọn ìyá tí òkun gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, mélòó ló mọ̀?"

Tíṣà ṣí fìlà.

"Ọláolú, má lé e. Ohun tí kò yẹ ni mo tọrọ. Má lé e."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan ní Yábà ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Ọláolú kò ní ìyá mọ́, nítorí náà ìyá Jẹ̀lílì ló jókòó sí àyè ìyá ọkọ. Àlùfáà gbàgbé, ó ní kí tọkọtaya dìde. Fúnlọ́lá fa àga kan, ó jókòó ti Ọláolú tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà, tó ti dìde, jókòó padà.

Ọláolú ń wo apá ọ̀tún rẹ̀, níbi tó yẹ kí ọ̀rẹ́ ọkọ dúró sí. Kò sẹ́ni tó dúró níbẹ̀. Fúnlọ́lá rí i, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì dúró dè é títí ó fi wò ó tán. Nígbà tó yíjú sí i, wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ wọn.