Ó Ku Ìgbésẹ̀ Kan Kó Kan 59

"Ẹ̀rọ! Ẹ̀rọ! Ẹ̀rọ!"

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé ń mì tìtì. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìṣirò kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dúró nídìí pátákó. Bàbá rẹ̀ tó ń tẹ́ táìlì jókòó níwájú, sìmẹ́ńtì gbẹ mọ́ ọn lórúnkún. Àyè kan ṣoṣo ló kù ní ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́. Òun àti ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìgbín ló ń dù ú.

Olùdájọ́, bàbá arúgbó kan, kọ 30031 sójú pátákó.

"Ṣé nọ́ńbà kan wà, yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, tó lè pín in láìṣẹ́kù? Ẹni tó bá kọ́kọ́ lu aago ni yóò dáhùn. Tó bá ṣì í, ẹnìkejì ló jẹ ẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀ o!"

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ó fi 2 pín in, ó ṣẹ́ku 1. Ó fi 3 pín in, ó ṣẹ́ku 1. Ó fi 5, 7, 11 àti 13 pín in, 1 náà ló ń ṣẹ́kù, àfi bí ẹni pé wọ́n jọ ṣèpàdé. Olùkọ́ ti kìlọ̀ pé irú èyí, àfi kéèyàn fi àwọn nọ́ńbà tí òmíràn kò lè pín nìkan dán an wò dé 173 kí ọkàn tó balẹ̀. Nígbà tó dé 53, ó yọjú wo Ìgbín. Ìgbín ṣì wà ní 31, ó ń lá ètè.

"Lu aago, jàre!" ọ̀rẹ́ rẹ̀ kígbe láti ẹ̀yìn. "Kí lo ń dúró dè, ìyá àgbà?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ gbá aago.

"Kò sí nọ́ńbà tó lè pín in, sà!"

Ariwo ta. Bàbá rẹ̀ fò dìde, ó ń jó, ó ń gbọn sìmẹ́ńtì sára ọ̀gá ilé-ìwé. Olùdájọ́ ń wá awò ojú rẹ̀ láti fi ka ìdáhùn. Ó wá a lápò, ó wá a lábẹ́ tábìlì.

Orí Ẹ̀rọ tí kò mọ ìsinmi ló bá mú 59. 59 lọ́nà 500, ó jẹ́ 29500. Ó ku 531. 59 lọ́nà 9... Yéè!

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́..."

"O ti dáhùn, ọmọ mi. Bá mi wá awò mi."

Ó rí awò náà níwájú orí bàbá arúgbó náà kedere. Kò lè sọ ọ́. Ó wo bàbá tirẹ̀ tó ń jó, kò lè dá a dúró. Ì bá wù ú kí awò náà sọnù títí ayé.

"Sà, òun ló wà lórí yín yẹn!" Ìgbín ló sọ ọ́.

Olùdájọ́ fà á wálẹ̀, ó ka ìdáhùn. "59 lọ́nà 509. O ṣì í."

Bàbá Ẹ̀rọ dúró gbagidi, ẹsẹ̀ kan lókè. Àyè bọ́ sọ́wọ́ Ìgbín, tí kò tíì kúrò ní 37. Ẹ̀rọ wẹ̀yìn. Àga ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣófo.

Lójú ọ̀nà ilé, bàbá gba báàgì rẹ̀.

"Mélòó ló kù kó o dé ibẹ̀?"

"Ọ̀kan péré, bàbá."

"Bí mo bá fi táìlì kan sílẹ̀ láìtẹ́, ibẹ̀ gan-an ni onílé yóò ti kọsẹ̀."

Àwọn tó ń pariwo pé kí o lu aago kì í bá ọ ru ìdáhùn rẹ délé. Ṣe iṣẹ́ rẹ parí ná.