Ìdájọ́ Tó Rìnrìn Àjò

Ọkùnrin náà ka ìwé ìdájọ́ náà tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá jù ú sílẹ̀ sáàárín àwọn àjákù aṣọ.

"Kóòtù ìpínlẹ̀ yín ló dá ẹjọ́ yìí, màdáàmù. Ìpínlẹ̀ mìíràn lẹ dúró sí yìí. Ẹ lọ fi dáná!"

Kò-sófin ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Òun àti màdáàmù yìí, ìyá Atawẹ́wẹ́, ni wọ́n jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá ìyá náà dúró sí ọsíbítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Kò-sófin gbé ẹ̀rọ tí ìyá fi ń ya òdòdó sára aṣọ, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di ìpínlẹ̀ kejì. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni ìyá fi ń lọ tó ń bọ̀ ní kóòtù kí adájọ́ tó pàṣẹ pé kó dá a padà. Ẹ̀rọ ọ̀hún ló wà lórí tábìlì níwájú wọn nínú ṣọ́ọ̀bù tuntun Kò-sófin yìí.

Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó mú ìwé rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù. "Kò burú. A ó lọ béèrè ní kóòtù tiyín."

"Pẹ̀lú lọ́yà wo? Ẹ̀yin tí ẹ ò rí owó ilé san!"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Atawẹ́wẹ́, tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá, lákínyẹmí ara. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò ga, ṣùgbọ́n ó ta ju bó ṣe rí lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ti ń sọ fún un pé, "Ìwọ náà gbé e! Ṣebí tiyín ni." Ó fò mọ́ ẹ̀rọ náà, ó gbá a mọ́ra, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ọmọ yìí, gbé e kalẹ̀!" ìyá rẹ̀ pariwo.

Wáyà ẹ̀rọ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, gbàà! Apá rẹ̀ kán.

"Olè! Olè!" Kò-sófin ti bọ́ sí ìta. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú pẹ́, èrò ti pé jọ, wọ́n sì wọ́ ọmọ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ohun tó tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló dun Atawẹ́wẹ́ ju ìgbátí tí wọ́n gbá a lọ. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó jà á lólè, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fọmọ òun sílẹ̀. Ìdájọ́ wà nínú báàgì rẹ̀, orúnkún rẹ̀ wà nílẹ̀. Kò-sófin jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa kó tó ní òun ti gbọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, ìyá kò gbá a, kò sì ké mọ́ ọn.

"Wọ́n ní ìbínú kì í dá nǹkan," ó wí. "Irọ́ ni. Tìrẹ dá nǹkan. Ó dá apá ẹ̀rọ mi sí méjì."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sí kóòtù ìlú náà. Akọ̀wé kóòtù, obìnrin àgbà kan tó wọ awò ojú, yẹ ìwé wọn wò.

"Ẹ̀dà lásán nìyí. Ẹ padà sí kóòtù tó dá ẹjọ́, kí wọ́n fún yín ní ìwé ẹ̀rí ìdájọ́ tó ní èdìdì. Bí ẹ bá mú un wá, a ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Láti ìgbà náà lọ, ó di bíi pé kóòtù tiwa ló dá a."

"Ṣé dandan ni ká ní lọ́yà, mà?" Atawẹ́wẹ́ béèrè.

"Rárá. Ẹni tó lẹ́jọ́ lè ṣe é fúnra rẹ̀, bó bá lè kàwé, tó sì lè fara balẹ̀."

Fara balẹ̀! Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n òun ló kọ gbogbo fọ́ọ̀mù náà. Níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ lọ́yà, ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù kan padà nítorí ọjọ́ kan tó ṣì kọ. Ó pa eyín keke, ó tún un kọ. Ìrìn àjò mẹ́ta ni wọ́n rìn.

Lọ́jọ́ tí àwọn bélíìfù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń mú ìdájọ́ ṣẹ, dé ṣọ́ọ̀bù, Kò-sófin tún bẹ̀rẹ̀: "Kóòtù ìpínlẹ̀ wọn—"

"Kóòtù ìlú yìí ló rán wa," bélíìfù dá a lóhùn. "Kúrò lọ́nà."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ jáde lọ́sàn-án gangan, èrò ń wò, ẹnikẹ́ni kò sì pariwo olè.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ lẹ apá náà, ṣùgbọ́n kò lè ya òdòdó ńlá mọ́. Àwọn oníbàárà tó ń fẹ́ ìyẹn gba ibòmíràn lọ.

Inú ṣì ń bí Atawẹ́wẹ́ sí Kò-sófin, kò sì sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ báyìí pé ẹni tí òfin dá láre, tó tún fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ló ń sọ di ẹlẹ́bi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ bínú o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìbínú yín mú kálàmù, kó jókòó, kó kọ̀wé.