Ojú Ìwé Tí Kíákíá Fi Sílẹ̀ Dọ̀la

Bí ìlù bá yí padà, ijó náà a yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó yí ìlù padà tí kò jẹ́ kí oníjó mọ̀, bí oníjó bá ṣubú lójú agbo, ẹsẹ̀ oníjó kọ́ ló jẹ̀bi.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí tíṣà kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ẹ̀rọ inú yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan ò tíì dìde. Kíákíá ni wọ́n ń pè é, nítorí bí wọ́n bá ní kó sáré lọ gbé nǹkan wá, á ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó sọ ohun tó máa gbé. Ìka rẹ̀ ń sáré lórí bọ́tìnì, àyà rẹ̀ náà ń sáré. Lọ́la ni àwọn adájọ́ ìdíje ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Títan-Pípa ni ó sọ iṣẹ́ tirẹ̀. Àkójọ kóòdù ni: àwọn àṣẹ kéékèèké tí ó ti kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, tí ẹlòmíràn lè yá lò láti fi tan ẹ̀rọ, láti fi pa á, tàbí láti ní kí ó sinmi díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó yá a kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dá kóòdù tirẹ̀ kọ. Ojú ìwé àlàyé kan tẹ̀ lé e lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ bí a ṣe ń lo àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Òfin tíṣà lórí èyí kò ju ọ̀kan lọ, wọ́n sì ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: ẹni tó bá yí kóòdù padà kò gbọdọ̀ dìde lórí àga kí ó tó yí àlàyé padà.

Kíákíá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yí kóòdù padà ni. Tẹ́lẹ̀, bí ènìyàn bá kọ nọ́ńbà sí àṣẹ ìsinmi, ìṣẹ́jú àáyá ni ẹ̀rọ ń kà á sí. Kíákíá rò ó pé yóò rọ àwọn adájọ́ lọ́rùn bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú gidi, ó sì sọ ọ́ di ìṣẹ́jú. Ó ku kí ó ṣí ojú ìwé àlàyé.

"Kíákíá, ṣé ibí lo máa sùn ni?" Tíṣà mi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ wọn.

"Ó ku díẹ̀, sà."

"Díẹ̀ tó ti ń kù látàárọ̀!"

Ọmọkùnrin tó ń di báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Àlàyé lo fẹ́ tún ṣe? Ta ló ń ka ìyẹn? Kóòdù tó bá ti ṣiṣẹ́ ti ṣiṣẹ́. Dìde jàre!"

Ẹnìkan wà tó ń kà á o, ẹnu ọ̀nà gan-an ló sì dúró sí. Akàwétán ni, ọ̀rẹ́ Kíákíá, ọmọbìnrin tó máa ń ka ara páálí ọṣẹ títí dé orúkọ ẹni tó tẹ páálí náà.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé mo lè mú Títan-Pípa rẹ lọ sílé? Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú táǹkì ẹja màmá mi ni mo fẹ́ lò ó fún. Á fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀, á sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á tún fẹ́. Màmá á wá lè sùn láìdìde."

Orí Kíákíá wú. Ta ni kì í fẹ́ kí iṣẹ́ òun wúlò? "Mú un lọ! Gbogbo àlàyé ń bẹ níbẹ̀."

Ó sọ ọ́ tán kó tó rántí pé àlàyé ọ̀hún ti di irọ́. Ó la ẹnu. Ní àkókò náà ni tíṣà pa iná yàrá. "Mà á tún un ṣe lọ́la," ló wí lọ́kàn ara rẹ̀, ó sì gbé báàgì kọ́ èjìká.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn adájọ́ dé. Kíákíá fi Títan-Pípa tan fáànù kékeré kan, ó pa á, ó jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú kan, fáànù sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀. Àtẹ́wọ́ sọ. Òun ni wọ́n fi ṣe ẹni àkọ́kọ́. Ó wẹ̀yìn kí ó lè fi ojú bá Akàwétán rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àga ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣófo.

Ìgbà tó ku díẹ̀ kí ìsinmi ọ̀sán tó ni Akàwétán wọlé. Aṣọ rẹ̀ rin dé orúnkún, omi táǹkì ń rùn lára rẹ̀.

"Ẹja ń kú," ló wí. "A jí, a bá wọn lójú omi, tí wọ́n ń yanu. Ẹ̀rọ yẹn sinmi, kò jí mọ́! Báàkẹ́tì ni èmi àti màmá fi ń bu omi sókè, tí a ń dà á padà, kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Ọwọ́ wa ti bó. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Ẹgbẹ̀ta ni mo kọ. Ẹgbẹ̀ta ìṣẹ́jú àáyá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Kíákíá ṣírò ó. Ẹgbẹ̀ta ìṣẹ́jú! Wákàtí mẹ́wàá. Ẹ̀rọ kò ṣàìgbọràn. Oorun tí wọ́n ní kó sùn ló ń sùn.

"Jẹ́ kí n lọ wò ó," ló wí, ó sì sáré lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà. Títí tó fi jókòó, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé àtúnṣe lòun ń lọ ṣe. Ó ṣí ojú ìwé àlàyé. Ó pa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rẹ́, "ìṣẹ́jú àáyá" sì di "ìṣẹ́jú". Ó wá ń wo ojú ìwé náà. Ó mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá kà á báyìí á ní bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èrò kan yọ́ wọ inú rẹ̀ bí olè: ta ló máa mọ̀?

Nígbà tó padà dé kíláàsì, tíṣà ti gbọ́. Wọ́n ṣí ojú ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà wọn.

"Ìṣẹ́jú ló wà níbí, ọmọ mi. Wákàtí mẹ́wàá lo ní kí ẹ̀rọ fi sinmi. Sáré lọ sílé, kí o sọ ọ́ di mẹ́wàá."

"Háà! Akàwétán, o ò kà á tán!" Ọmọkùnrin àná ló pariwo. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Akàwétán sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á," ló wí jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí Kíákíá bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí.

Kíákíá ń wo bàtà ara rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ìyá àgbà tí Kíákíá ń gbé lọ́dọ̀ wọn ti gbọ́ nípa ipò àkọ́kọ́. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

"Ọmọ a-wí-bẹ́ẹ̀-ṣe-bẹ́ẹ̀,
Ọmọ ẹlẹ́nu kan tí kò lahùn méjì,
Baba rẹ kì í sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kó gbé e mì lálẹ́,
Ohun tó wà lẹ́nu wọn náà ló wà lọ́wọ́ wọn..."

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kì mí mọ́!" Ó bú sẹ́kún.

Ó rò ó fún wọn tán pátápátá, ti àná àti ti òní. Ìyá àgbà kò pariwo, èyí sì bà á lẹ́rù ju ariwo lọ.

"Ẹ bá mi gbàdúrà kí ẹja yòókù má kùú, ìyá àgbà."

"Mà á gbà á. Ṣùgbọ́n àdúrà kì í ṣe ẹní tí a fi ń bo irọ́ mọ́lẹ̀. Wọ bàtà rẹ."

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tó dé ibi táǹkì. Ẹ̀rọ ti ń ho nínú omi, ìyá Akàwétán sì ń kó ẹja tó ti kú sínú báàkẹ́tì. Kíákíá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, Akàwétán kà á dáadáa. Èmi ni mo yí kóòdù padà tí n kò yí àlàyé. Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹja ń kú, mo yọ́ lọ tún un ṣe, mo sì jẹ́ kí wọ́n fi í ṣẹ̀sín."

Obìnrin náà gbé báàkẹ́tì kalẹ̀. "Ẹja dùn mí, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ọmọ mi tó jókòó sínú ilé látọ̀sán, tó ń sọ fún mi pé ojú òun kò dáa mọ́ ńkọ́? Àṣìṣe ni ti àná. Ti òní, ọ̀rẹ́ rẹ lo tì síwájú kí iná má baà jó ọ."

Akàwétán ti dúró sẹ́nu ọ̀nà látìgbà náà. Ó wo Kíákíá, ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ìbá gbá ilẹ̀kùn náà pàá, ìbá sàn fún Kíákíá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kíákíá dìde níwájú kíláàsì, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ. Wọ́n gba ipò àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, sà?" ọmọkùnrin yẹn béèrè.

"Ọ̀rọ̀ kan náà ló gba atẹ́gùn lẹ́nu ẹja," tíṣà dáhùn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ní ìsinmi ọ̀sán, Kíákíá nìkan wà ní yàrá kọ̀ǹpútà. Ó ń mú àpẹẹrẹ tó wà lójú ìwé àlàyé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi kóòdù dán wọn wò bóyá ohun tí ìwé wí ni ẹ̀rọ ń ṣe. Ó rí àṣìṣe mìíràn. Ó tún rí òmíràn. Ẹ̀rù bà á bó ṣe ń rí wọn. Ó wá yé e pé ìlérí ni àlàyé jẹ́: ẹni tó kà á ti gbé ohun tó fẹ́ràn lé e lórí, kò sì sí níbi tí a ti yí ìlù padà. Ó sì yé e pé àṣìṣe tí a jẹ́wọ́ lè kú níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a fi pamọ́ a máa bímọ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Òórùn omi táǹkì ló kọ́kọ́ wọlé. Akàwétán fa àga kan, ó jókòó, ó yí kọ̀ǹpútà síhà ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. 

"Táǹkì kejì kù tí a fẹ́ so ẹ̀rọ mọ́. Èmi á máa wo kóòdù. Ìwọ, ka àlàyé náà sókè fún mi. Jọ̀ọ́, rọra kà á."