Agbẹ̀bí Tó Fẹ́ Wakọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Alàgbà Sówándé ti ilé ìwòsàn dé, gbogbo ọkọ̀ tó wà ní Ìtẹ́lú ló ya wèrè.

Ìtẹ́lú ni ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí òṣùpá, lábẹ́ òrùlé gíláàsì ńlá kan tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí sá lọ. Nígbà náà, ènìyàn kankan kì í wa ọkọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ afọgbọ́nrìn ni gbogbo wọn ń wọ̀, ọkọ̀ tó ní ọpọlọ tirẹ̀: o jókòó, o sọ ibi tí ò ń lọ, ó gbé ọ débẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni àwọn tó ṣe é wà. Wọ́n ti kọ́ ọ pé bó bá rí ènìyàn nílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, kó dúró, kó ké sí ọkọ̀ aláìsàn, nítorí ẹni bẹ́ẹ̀ ti ṣubú. Wọn ò sọ fún un pé àwọn kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé ilẹ̀ ni wọ́n ti ń kí àgbà.

Bí ọkọ̀ tó gbé Alàgbà Sówándé ṣe yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn èrò tò sẹ́bàá ọ̀nà láti kí i káàbọ̀. Ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, obìnrin kúnlẹ̀. Ara fúyẹ́ lórí òṣùpá, nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ tó fi agbára dọ̀bálẹ̀ tún fò sókè díẹ̀ kí wọ́n tó balẹ̀. Lójú àwọn ọkọ̀, àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ìlú. Gbogbo wọn dúró gbagidi, wọ́n ń ké. Ọkọ̀ aláìsàn tú jáde, ṣùgbọ́n afọgbọ́nrìn ni àwọn náà: wọ́n rí àwọn tó dọ̀bálẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n sì ń ké sí ọkọ̀ aláìsàn mìíràn. Títí di ọ̀sán, nǹkan kan kò rìn ní Ìtẹ́lú.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bẹ ìlú pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà mọ́. Alàgbà Sówándé, tó jẹ́ olórí Ìgbìmọ̀ Ojú Ọ̀nà, fárígá.

"Ṣé ẹ̀rọ ni yóò wá máa kọ́ wa bí a ó ṣe máa kí ara wa?" ló wí. "Ẹ yọ ọpọlọ wọn dànù. Ọmọ ènìyàn tó lójú ni kó máa wa ọkọ̀."

Ìlú pàtẹ́wọ́. Wọ́n yọ ọpọlọ àwọn ọkọ̀ náà, wọ́n sì tún wọn ṣe kí ènìyàn lè máa fi ọwọ́ darí wọn.

Ẹnì kan wà tí kò pàtẹ́wọ́. Ìyùnadé ni, agbẹ̀bí àwọn abúlé oko tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà. Àfín ni. Ojú rẹ̀ a máa gbọ̀n nígbà gbogbo. Ohun tó bá sún mọ́ ọn ló ń rí dáadáa, ohun tó bá jìnnà a dà bí aṣọ tó ti ṣá. Ọkọ̀ afọgbọ́nrìn ló ti ń gbé e lọ gbẹ̀bí láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́. Ní báyìí, ìjọba yá a ní awakọ̀ fúngbà díẹ̀, wọ́n sì sọ fún un láìfi bò pé bí kò bá lè wakọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Òfin sì ní awakọ̀ gbọ́dọ̀ lè ka àmì ọ̀nà láti òkèèrè. Nígbà tí wọ́n yẹ ojú Ìyùnadé wò, kò rí àmì náà, kò tilẹ̀ rí òpó tí wọ́n gbé e kọ́.

Ìyà ojú yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìlú tó lè lé ẹ̀rọ lọ nítorí ìkíni, ẹ lè fojú inú wo ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọmọbìnrin tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà láìkí i. Wọ́n ní agbéraga ni. Wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba ló ń gùn ún. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ a máa di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì máa sọ sí i létí pé, "Bàbá alábẹ̀bẹ̀ ń bọ̀ o, kúnlẹ̀." Nígbà tó wá ń dá rìn, ó pinnu pé òun yóò máa kí ohunkóhun tó bá dúró. Ó ti kí òpó iná rí. Ó ti kúnlẹ̀ fún àgbá omi, ó sì béèrè àlàáfíà ilé.

Ó lọ bá àwọn dókítà ojú. Ọ̀kan ní kò sí awò tó lè tún irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣe. Òmíràn ní kó lọ wá iṣẹ́ tí kò gba ìrìn. Aboyún kan tó ń gbẹ̀bí fún ló wá là á lóye, láàárín ìrora kan sí èkejì.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kì í ríran jìnnà, ó sì ń wakọ̀. Dókítà Láníyonu tó wà ní Ẹ̀yìn-Òṣùpá ni kẹ́ ẹ wá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ọwọ́ mi mú, ó tún ti ń bọ̀!"

Dókítà Láníyonu jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Olùtọ́jú ìríran tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń pe irú dókítà bẹ́ẹ̀.

"Mi ò ní wo ojú yín sàn o," ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn. "Ẹni tó bá ṣèlérí ìyẹn fún yín, ẹ sá fún un. Ohun tí èmi ń wá ni, kí ló kù, kí la sì lè fi í ṣe?"

Ó yẹ ojú náà wò títí ó fi rẹ àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀ ń rí gbogbo ohun tó bá ń rìn, lọ́tùn-ún àti lósì. Ohun tó jẹ́ gan-an ni ẹ kì í mọ̀. Ìyẹn nìkan ni a máa wá nǹkan ṣe sí."

Ó mú awò kan jáde tó dà bíi ti gbogbo ènìyàn, àyàfi pé ọ̀pá kékeré kan, tó tó ìka ọmọ ọwọ́, wà lókè rẹ̀. Awò-fìrí lorúkọ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ awò náà ni awakọ̀ ń fi wo ọ̀nà. Bó bá fẹ́ mọ ohun kan tó wà lókèèrè, a tẹ orí ba díẹ̀, ojú rẹ̀ a bọ́ sínú ọ̀pá náà, ohun òkèèrè a sì sún mọ́ ọn. Dókítà mú Ìyùnadé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kó wo òdìkejì àgbàlá.

Ìyùnadé tẹ orí ba. Obìnrin kan jókòó lọ́hùn-ún, ó ń gé èékánná, ètè rẹ̀ sì ń mì.

"Ó ń kọrin," ni Ìyùnadé wí. "Dókítà, ó ń kọrin!" Ó bú sẹ́kún. Ayọ̀ ni.

Dókítà jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn, kó tó wí pé, "Ẹ ti pẹ́ jù níbẹ̀ o. Nígbà tí awò yìí bá ń fi ojú ẹnì kan hàn yín, ó ń fi gbogbo ọ̀nà tó kù pa mọ́. Ẹ wò ó fìrí, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ padà sí ọ̀nà."

Ìyùnadé kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó sì mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ ìdánwò, Dókítà Láníyonu, tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé ó lè fi awò náà wakọ̀, jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, àwọn Ìgbìmọ̀ Ojú Ọ̀nà jókòó sábẹ́ àtíbàbà lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyùnadé ka gbogbo àmì tó rí. Ó yí kọ́nà bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ló tẹ orí ba, ó sì rí Alàgbà Sówándé, irùngbọ̀n funfun, fìlà tó gẹ̀ sí apá kan. Ohùn bàbá yìí nìkan ló ti mọ̀ láti kékeré. Àìmọye ìgbà ló ti kọjá níwájú rẹ̀ láìkí i. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti tẹ bíréèkì. Ó ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ sáàárín títì.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá! Ẹ kú ewu àìsàn o!"

Ọkọ̀ tó kó tòmátì bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yà bàrá, ó kọlu òpó. Tòmátì fò sókè, wọ́n sì fara balẹ̀ ń bọ̀ wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí òṣùpá ni.

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí!" Inú Alàgbà Sówándé dùn ṣìnkìn. "Ẹ fún un níwèé ìwakọ̀ rẹ̀!"

"Rárá, bàbá," ni Dókítà Láníyonu wí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ má bínú. Kò yege."

"Nítorí pé ó kí mi?"

"Nítorí pé ó dúró. Ẹ̀rọ tí ẹ lé lọ, kí ló ṣe? Ó rí ìkíni, ó dúró sójú ọ̀nà. Kí lèyí ṣe?"

Alàgbà wo tòmátì tó ń bọ̀ wálẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa rí wa, kí wọ́n sì máa kọjá ni?"

"Tí wọ́n bá ń wakọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Bàbá tún fìlà rẹ̀ dé. Nígbà tó yá, ó ní, "Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé òótọ́ lẹ sọ."

Nígbà tó ku àwọn méjì, Ìyùnadé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìbínú. "Dókítà, láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé mo ń rí wọn, mi ò kí wọn. Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ mi. Ṣé kí n wá sọ ọ́ di òótọ́ ni?"

"Tí aboyún bá ń retí yín, bẹ́ẹ̀ ni," ni Dókítà dáhùn. "Mo lè fún yín ní awò. Èyí tó kù yìí, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é."

Ìyùnadé padà lọ kọ́ ọ. Ó dùn ún ju bó ṣe rò lọ, àmọ́ ó kọ́ ọ. Lọ́jọ́ ìdánwò kejì, ó rí Alàgbà Sówándé, ó mọ̀ ọ́n, ó gbé orí sókè, ó kọjá. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé ìwakọ̀ náà.

Ìpè àkọ́kọ́ tó gbà lẹ́yìn náà, ọmọ ló fẹ́ fẹsẹ̀ jáde lóko. Ìyùnadé gbéra. Ẹ̀bá ọ̀nà oko yẹn ni ilé ìyá rẹ̀ wà. Bó ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀, ó rí nǹkan aláwọ̀ aró tó ń mì lọ́ọ̀ọ́kán, ó tẹ orí ba. Ìyá rẹ̀ ni. Ó wọ aṣọ òkè, ó wé gèlè, ó sì ń juwọ́. Ìyùnadé gbé orí sókè, ó wo ọ̀nà, ó kọjá lọ.

Ó bá ọmọ náà ní àkókò tó yẹ kó bá a. Díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá yíwọ́.

Nígbà tó ń padà bọ̀, ó yà sílé ìyá rẹ̀. Ìyá ṣì wà nínú aṣọ náà. Ìyùnadé kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò dìde.

"Màámi, mo rí yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Mo sì kọjá."

"Ìyá ọmọ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

"Àwọn méjèèjì wà láàyè. Obìnrin ni."

"A dúpẹ́." Ìyá fà á dìde. Ó wolẹ̀, bí ẹni tójú ń tì. "Báwo ni mo ṣe rí?"

"Nígbà wo, Màámi?"

"Láti òkèèrè. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, o ò rí mi lókèèrè rí. Ìdí tí mo fi múra nìyẹn. Kí lo rí?"

Ìyùnadé gbìyànjú láti rántí. Aṣọ ló rántí, àti ọwọ́ tó ń jù. Ojú ìyá rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí òun lè rí i láti òkèèrè, kò dúró lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mi ò wò yín, Màámi," ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Mo kàn mọ̀ yín ni."

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó fi etí ìborùn nu ojú ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rìn la ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ilé náà já, títí dé ìlẹ̀kùn tó gbẹ̀yìn. Ó yíjú padà, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó dúró.

"Wọ awò ẹ," ó pariwo láti ọ̀hún. "Kò sí ọkọ̀ níbí."

Ìyùnadé wọ̀ ọ́, ó tẹ orí ba. Gèlè ìyá rẹ̀ wọ́ sí apá kan. Ewú ti pọ̀ létí gèlè náà ju bó ṣe rò lọ. Ìyá rẹ̀ ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ̀rín sì ń borí rẹ̀.

"Ṣé o ti rí mi?"

"Ẹ ṣì dúró níbẹ̀ ná, Màámi," ni Ìyùnadé wí.